Férémù Tí Hezekiah Rà

Láyé ìgbà tí òmìnira ṣì jẹ́ tuntun, bí táyà kẹ̀kẹ́ yín bá jò nítòsí Àkànràn, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa júwe fún yín. Wọ́n á ní kí ẹ lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà létí ọ̀nà Ìbàdàn, kí ẹ béèrè Hezekiah. Bó bá jẹ́ pé ọmọdé lẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní pè é ní Hezekiah tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Hezekiah onídán ló máa pè é, yóò sì tẹ̀ lé yín débẹ̀, bóyá ẹ ó yọ kọ́bọ̀ jáde, kí kọ́bọ̀ náà sì pòórá lójú òun.

Ọkùnrin gíga ni Hezekiah, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rá ṣéènì kì í sì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni òun àti Leah ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó máa ń wọ aṣọ funfun, á rìn láìwọ bàtà lọ sílé àdúrà, àwọn ọmọdé á sì jókòó sí ibi tí wọ́n ti lè máa wo apá aṣọ náà. Wọ́n gbà pé ẹyẹlé ń bẹ nínú rẹ̀. Kò sí ẹyẹlé kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pàdánù ìwàásù, tí Hezekiah sì ń gba èébú fún ohun tí kò ṣe.

Ìlú Ìbàdàn ló ti kó àrùn idán náà, lọ́dún 1956. Ó lọ ra táyà, ó gba àdúgbò Ọlọ́runṣògo kọjá, ó sì rí bàbá kan tó ń pidán níbi ayẹyẹ kan níwájú ilé ìwé. Bàbá Làmídì ni wọ́n ń pè é. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni. Bàbá náà gbé ẹyin kan mì, ó sì yọ ọ́ jáde létí alága ayẹyẹ. Hezekiah gbàgbé táyà. Ó tẹ̀ lé bàbá náà délé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò ní dìde àfi bí wọ́n bá kọ́ òun.

Bàbá Làmídì ò kọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni bóyá ó lè pa ẹnu mọ́. Ó ní àṣírí tí onídán bá fi han onídán ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan ló ni ín, kì í ṣe gbogbo ìlú. Àti pé ẹni tó bá tú idán ẹlòmíràn fó nítorí kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín, olè ni. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó wúwo jù. Ó ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Yà wọ́n lẹ́nu, pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ débi tó fi fẹ́ gbé ìṣòro rẹ̀ tì ọ́, eré ti parí nìyẹn. Dúró níbẹ̀, kí o sọ òtítọ́ fún un, ohun yòówù kó ná ọ."

Hezekiah ní òun ti gbọ́. Ọ̀dọ́ ni nígbà yẹn. Ó rọrùn fún ọ̀dọ́ láti gbọ́.

Ohun tí kò gbọ́ kíákíá ni ọ̀rọ̀ nípa ọjà rírà. Ẹnì kan fún un ní ìwé tí àwọn òyìnbó fi ń polówó ohun èlò idán, ìwé náà sì kún fún àwòrán. Ó rí àpótí kan níbẹ̀ tí obìnrin kan dúró sí nínú, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fi owó ránṣẹ́. Ó ń lọ sí pósífíìsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí akọ̀wé ibẹ̀ fi ń sá fún un. Nígbà tí àpótí dé, adìẹ ò lè dúró nínú rẹ̀. Ó gbé e lọ han Bàbá Làmídì, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀.

"Àwòrán lo rà," ni bàbá náà wí nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Má ra ohun tí o kò tíì rí lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Má sì ra ohun tí ìwọ fúnra rẹ lè fi sípóòkù àti tíúbù ṣe. Ìwọ tí o mọ irin í tẹ̀! Ọwọ́ rẹ ni kí o kọ́ ná, kí ọjà máa dúró dè ọ́."

Èyí náà wọ̀ ọ́ létí nígbẹ̀yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Hezekiah ò ra nǹkan kan mọ́. Gbogbo ohun tó fi ń pidán, òun ló ṣe wọ́n lábẹ́ igi máńgòrò, láti ara kẹ̀kẹ́ tó ti kú. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá sọ, Hezekiah ò ní dárí jì mí láéláé. Ẹyọ kan ni mo máa sọ fún yín, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ohun èlò náà sì ti fẹ̀yìn tì kúrò lẹ́nu idán.

Kí n tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ìjọ. Àwọn àgbà ìjọ gbọ́ pé arákùnrin Hezekiah ń sọ kọ́bọ̀ di afẹ́fẹ́, ọkàn wọn ò sì balẹ̀. Wọ́n pè é, ó pidán fún wọn nínú yàrá àdúrà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún fajú ro. Níkẹyìn wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sétí gbogbo ènìyàn pé ọwọ́ lásán ni, kò sí oògùn ńbẹ̀, kò sì sí ẹ̀mí kankan. Hezekiah gbà tayọ̀tayọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kó tó bẹ̀rẹ̀, á ní: "Ọwọ́ lásán ni o! Kò sí oògùn, kò sí ẹ̀mí!"

Àwọn ará Àkànràn á sì wo ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ẹni tó ní oògùn jẹ́wọ́ pé òun ní? Wọ́n ní oògùn tó ní òun ò sí ńbẹ̀, oògùn gidi nìyẹn. Bó ṣe ń pariwo pé ọwọ́ lásán ni ni wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀ sí i. Òtítọ́ tó ń sọ ló wá di ìdí tí wọ́n fi gbà pé ó ń fi nǹkan pamọ́.

Ní ọdún 1964 ni ojú kòkòrò tún mú Hezekiah. Onídán kan láti Èkó, Múyì lórúkọ rẹ̀, ń ta ẹrù rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ awakọ̀. Hezekiah bá a pàdé ní Ìbàdàn, Múyì sì yọ férémù kan jáde, onírin, tó ní dígí níwájú, tó wúwo nílẹ̀. Ó ní, "Ohun tó bá ti bàjẹ́, férémù yìí á dá a padà sípò." Gbólóhùn yẹn ló pa Hezekiah. Kò ní kí Múyì lò ó kí òun rí i. Owó tó wà lápò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Leah ló fún un kó fi ra páànù, nítorí pé òrùlé yàrá wọn ń jò. Férémù ló gbé délé.

Leah ò bá a jà. Ì bá sàn kó bá a jà. Bí òjò bá ti ṣú, á gbé abọ́ kan sábẹ́ ibi tó ń jò, á sì sọ fún Dàpọ̀ ọmọ wọn pé, "Rọra o, férémù bàbá rẹ ti ń jò."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí férémù náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwòrán méjì tó jọra ni onídán máa wá. Á ti fi ọ̀kan sẹ́yìn dígí kí àwọn ènìyàn tó dé, aṣọ dúdú tín-ín-rín kan á sì bò ó, débi pé férémù á dà bí òfìfo. Èkejì lá fà ya lójú gbogbo ayé. Tó bá wá fi àtàǹpàkò tẹ irin kan lẹ́yìn férémù, aṣọ dúdú náà á ká sókè wìì, àwòrán á sì yọ, odindi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì ọdún Iléyá, ó lò ó ní pápá ilé ìwé. Ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìjọ bó ṣe máa ń sọ ọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ó fa àwòrán kàlẹ́ńdà ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó fẹ́ ẹ sínú afẹ́fẹ́, ó tẹ irin. Ariwo tó sọ ní pápá yẹn, àwọn tó wà lóko gbọ́ ọ. Àwọn àgbàlagbà dìde dúró. Leah pàápàá pàtẹ́wọ́, ó gbàgbé òrùlé fún ìgbà díẹ̀. Orí Hezekiah wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan wá sábẹ́ igi máńgòrò. Mùjíbátù ni, opó tó ń ta ẹ̀kọ ní ìsàlẹ̀ ìlú. Ó ju Hezekiah lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, láti kékeré ló ti ń sọ fún un pé "ìwọ Hezekiah, wá jẹ ẹ̀kọ." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi, bàbá," ló wí.

Hezekiah fò dìde. "Màmá, ẹ dìde! Kí ló dé? Èmi lẹ ń kúnlẹ̀ fún?"

Mùjíbátù ò dìde. Ó tú gèlè tó ká mọ́wọ́, ó sì yọ fọ́tò kan jáde. Fọ́tò Yésúfù ọkọ rẹ̀ ni, ẹyọ kan ṣoṣo tó yà kó tó kú. Orí ògiri ló kọ́kọ́ wà, ikán sì gba inú ògiri débẹ̀. Wọ́n ti jẹ ojú rẹ̀ tán. Agbádá ló kù, àti ọwọ́ kan lórí àga.

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹ ẹ́, ọmọ mi Hàjàrá ò tíì gbọ́n," ni Mùjíbátù wí. "Mo fi pamọ́. Hàjàrá wà nínú mi nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Kò rí i rí. Bí oṣù yìí bá parí la ó gbé e relé ọkọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀ kó tó jáde nílé. Ó bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, 'Ìyá mi, báwo ni ojú bàbá mi ṣe rí?' Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mi ò rántí mọ́. Mo ti gbàgbé ojú ọkọ mi, ẹ̀yin bàbá yìí. Ẹ bá mi fi sínú férémù yẹn."

Hezekiah jókòó sórí táyà tó wà nílẹ̀. "Màmá, ọwọ́ lásán ni. Mo sọ fún gbogbo yín lánàá."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ń sọ," ni Mùjíbátù wí, ó rẹ́rìn-ín ìtẹríba, ó fi fọ́tò náà lé e lọ́wọ́, ó sì gbé àkùkọ kan tó so lẹ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ páńpù. Ó lọ. Hezekiah sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú àkùkọ náà, kò gbà á.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ń wo fọ́tò yẹn, kò lè ṣiṣẹ́. Ìgbà tó yí i padà ló rí òǹtẹ̀ onífọ́tò lẹ́yìn rẹ̀, tó ti ń parẹ́: ní Ọjà'ba, ní Ìbàdàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ bọ́lẹ̀kájà. Onífọ́tò náà ti kú, ṣùgbọ́n Sàníù ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì jẹ́ ẹni tí kò lè da nǹkan bàbá rẹ̀ nù. Àwọn dígí pẹlẹbẹ tí bàbá náà fi ń ya fọ́tò láyé ijọ́un, tí àwòrán ṣì wà lára wọn, kún inú àpótí kárósíìnì lóríṣiríṣi, eruku bò wọ́n. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀, wọ́n ń gbé dígí sójú oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá agbádá àti ọwọ́ lórí àga. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ kí wọ́n tó rí i. Igun dígí náà ti sán, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà pé.

Sàníù tẹ fọ́tò tuntun jáde, Hezekiah sì sùn mọ́jú níbẹ̀ kó tó gbẹ. Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà lèrò burúkú ti dé sí i lọ́kàn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Fọ́tò wà lápò rẹ̀. Férémù wà nílé. Ṣe ni kó kàn fi fọ́tò tuntun sẹ́yìn aṣọ dúdú, kó pe ìlú jọ, kó fa èyí tí ikán jẹ ya lójú wọn, kó tẹ irin. Inú obìnrin náà á dùn. Hàjàrá á rí bàbá rẹ̀. Láti Àkànràn títí dé Alákíà, kò ní sí ẹni tí kò ní mọ orúkọ Hezekiah, wọ́n á sì máa pè é sí ayẹyẹ títí páànù á fi pọ̀ ju òrùlé lọ. Ta ló máa pa lára?

Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, Jùbrílù ló kọ́kọ́ rí. Àgbẹ̀ ni Jùbrílù; igi ìrókò wó lù ú lóko lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ní ọsibítù. Ó fi ọ̀pá rìn wá bá Hezekiah, ó wò yíká kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, bàbá. Wọ́n ní Ìyá Hàjàrá ti gbé ọkọ rẹ̀ wá fún yín." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Férémù yẹn, ṣé ẹ lè rí irú rẹ̀ tó tóbi tó ẹsẹ̀?"

Hezekiah di ọwọ́ Jùbrílù mú, ó sì ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Jùbrílù, ọwọ́ lásán ni, mo fi Ọlọ́run búra." Jùbrílù mi orí bí ẹni pé ó gbọ́, ṣùgbọ́n ìrètí ò kúrò lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá Làmídì padà wá sí Hezekiah lọ́kàn.

Ó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Leah. Ó ní bí òun bá fi àṣírí férémù han Mùjíbátù, ìsàlẹ̀ ìlú á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, férémù á sì di irin lásán. Leah wo òrùlé.

"Bàbá Dàpọ̀," ló wí, "páànù ò ní bi wá léèrè lọ́run. Ẹ gbé e lọ."

Hezekiah bá Mùjíbátù àti Hàjàrá nínú yàrá wọn. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé férémù lé Mùjíbátù lọ́wọ́, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí i, ó sì fi ìka Mùjíbátù fúnra rẹ̀ tẹ irin náà. Aṣọ dúdú ká sókè, àwòrán kàlẹ́ńdà yọ. Hezekiah fa aṣọ náà wálẹ̀, ó ní kó tún tẹ̀ ẹ́. Mùjíbátù tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Èyí nìkan ni?" ló wí.

"Òun nìkan ni, màmá."

Obìnrin náà gbé férémù sílẹ̀ sórí ẹní. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ̀rù sì ba Hezekiah, nítorí kò sí ohun tó burú tó ìrètí tó kú lójú ẹni. "Ìwọ Hezekiah," ló wí, "o sì jẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún ọ." Gbígbọ́ tó gbọ́ "ìwọ" yẹn, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ó ti padà di ọmọ tí wọ́n ń pè wá jẹ ẹ̀kọ.

Ìgbà náà ló yọ fọ́tò jáde. Ó ní, "Idán kọ́ o. Sàníù onífọ́tò ló ni iṣẹ́ yìí. Dígí tí bàbá rẹ̀ fi ya ọkọ yín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Mùjíbátù gbà á. Ó gbé e súnmọ́ ojú fèrèsé. Ó ń fi ìka tọ ipa ojú náà, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ láìdúró.

"Hàjàrá," ló wí nígbẹ̀yìn, "wá wò ó. Ọmọdé ni. Áà, Yésúfù! Ọmọdé ni bàbá rẹ."

Òótọ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún ló wà nínú fọ́tò yẹn, nínú agbádá tó tóbi jù ú. Obìnrin tó dì í mú ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dàgbà jù ú lọ. Hàjàrá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń wo imú tó jọ tirẹ̀. Hezekiah jáde síta díẹ̀ nítorí pé òun náà fẹ́ nu ojú.

Nígbà tó padà wọlé, Mùjíbátù ti ń wá ìṣó tó máa fi kan fọ́tò mọ́ ògiri kan náà. Hezekiah ní kó dúró ná. Ó wo ògiri amọ̀ náà, ó wo ipa ikán tó gba ara rẹ̀ gòkè, ó sì wo férémù onírin tó wà lórí ẹní. Ó sáré lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó kó sípánà àti nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ mẹ́rin wá. Ó yọ kàlẹ́ńdà, ó fi Yésúfù sẹ́yìn dígí. Ó fa aṣọ dúdú tu kúrò pẹ̀lú irin tó ń ká a, ó sọ wọ́n síta. Lẹ́yìn náà ló fi nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin de igun férémù náà, ó ń fún wọn títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ.

"Kò ní lọ mọ́," ló sọ fún Mùjíbátù.

Mùjíbátù ò fi àṣírí férémù han ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí onídán tún lè fi férémù náà ṣe. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Jùbrílù nílé, ó gbé ẹ̀kọ dání, ó sì sọ fún un pé ọwọ́ lásán ni, òun ti fi ìka òun tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Hezekiah tún pidán ní pápá ilé ìwé pẹ̀lú àwọn sípóòkù rẹ̀ àtijọ́, tó sì na ọwọ́ sókè pé kò sí oògùn, Mùjíbátù dáhùn láti iwájú pé, "Òótọ́ ló sọ!" Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ nígbà tí ẹyin yọ létí tíṣà, Mùjíbátù náà ló pariwo jù.

Lọ́jọ́ tí Hàjàrá ń relé ọkọ, òjò rọ̀ láàárọ̀. Leah gbé abọ́ sí àyè rẹ̀ kí òun àti ọkọ rẹ̀ tó jáde, kò sì dárúkọ férémù. Yàrá Mùjíbátù ti kún nígbà tí wọ́n débẹ̀. Mùjíbátù jókòó sórí àga, ó gbé férémù náà lé itan rẹ̀, Hàjàrá sì wọlé, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá àti ìyá rẹ̀. Hezekiah dúró lẹ́yìn láàárín èrò, kò lè rí ojú ìyàwó dáadáa. Nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wò, bóyá wọ́n ṣì le.